Ọdún Tí Iyọ̀ Wọ Kòtò Seluka

Ní erékùṣù Niutao, o lè bi àgbàlagbà ọkùnrin léèrè pé eyín mélòó ló kù lẹ́nu rẹ̀, o lè bi í léèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀, á dá ọ lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n má ṣe bèèrè nípa kòtò púlákà rẹ̀. Kókò ńláńlá tó ń mumi lábẹ́ ilẹ̀ ni púlákà, òun ni oúnjẹ wa nígbà tí ìrẹsì inú ọkọ̀ bá tán, òun sì ni iyì ọkùnrin. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní kòtò tirẹ̀, tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ gbẹ́ títí wọ́n fi kan omi dídùn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ewé tó ń tò yí ìdí púlákà ká kó lè tóbi, àti bí wọ́n ṣe ń tò ó léra. Bàbá á sọ ọ́ fún ọmọ kan ṣoṣo kó tó kú. Bí o bá ń kọjá lẹ́bàá kòtò ẹlòmíràn, ṣe ni wàá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí o bá ṣèèṣì já lu ẹni tó ń wẹ̀.

Seluka ló ni púlákà tó tóbi jù ní Niutao. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n ti ń gbé tirẹ̀ sí iwájú nígbà ọdún erékùṣù, tí ọkùnrin méjì á máa mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀. Paueli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ti borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Títí di bí mo ti ń sọ yìí, Seluka kò gbà. Ó ní inú omi ni Paueli rẹ tirẹ̀ sí kó lè wúwo.

Lilieta, ìyàwó Seluka, ni kì í fi rédíò sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Funafuti, olú ìlú wa, ẹnu rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. Oṣù kìíní ọdún yẹn, ọkọ̀ ojú omi tuntun tí ìjọba ń retí gúnlẹ̀, olórí ìjọba sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so òdòdó mọ́ ọn lára. Oṣù kejì, òkun kún. Rédíò ní omi ti wọ pápá ọkọ̀ òfurufú, ó wọ ilé ìwòsàn, àwọn òyìnbó sì ti dé láti wá ya fọ́tò rẹ̀. Ní Niutao, òkun kò kọjá ojú ọ̀nà. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, a dúpẹ́ gan-an, a tún ṣàánú àwọn ará Funafuti.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìdúpẹ́ náà ni Seluka sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò rẹ̀. Omi tó máa ń dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé agbedeméjì ojúgun. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó dúró, ó tún lá a. Iyọ̀ ni.

Kò rò ó lọ sí ọ̀dọ̀ òkun rárá. Òkun kò kúkú wọ ìlú. Ara rẹ̀ ló rò ó sí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nítorí pé ó fẹ́ kí púlákà ọdún náà tóbi ju gbogbo èyí tó ti ń gbé jáde, ó ti wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò náà jinlẹ̀ sí i ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ó dá a lójú pé òun ti dá ohun kan lu nísàlẹ̀ ibẹ̀, pé òun, Seluka, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ti fi ojúkòkòrò ba ohun tí ìran mẹ́rin tọ́jú jẹ́. Ojú tì í débi pé kò lè wo oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ gbé síwájú rẹ̀.

"Bàbá Tavita, ṣé ara yín yá?" Lilieta bi í.

"Ara mi le."

"Ẹ ò fọwọ́ kan ẹja yín."

"Mo ti yó."

"Kí lẹ jẹ tẹ́ ẹ fi yó? Atẹ́gùn?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Seluka á gbé garawa, á wọ inú kòtò, á máa gbọ́n omi iyọ̀ dà síta. Á gbọ́n, á gbọ́n, omi náà á sì máa sun padà bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, etí ewé àwọn púlákà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ní oṣù kẹrin, ìjọba ṣubú. Ìbò kan ṣoṣo ló fà á. Aṣòfin kan tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ olórí ìjọba láti ọdún tó kọjá dìde lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rọra gbé àga rẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn alátakò. Ní ìlú ńlá, irú èyí á ṣẹlẹ̀, wọn á gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ níbi tí gbogbo aṣòfin kò ju ìwọ̀nba èèyàn tó lè jókòó sábẹ́ igi kan lọ, tí ọ̀kan sì jẹ́ ìbátan ìyàwó rẹ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Kò sí ẹni tó sọ ohun mìíràn ní Niutao fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ni Paueli díbọ́n pé òun tìtorí rẹ̀ wá sílé Seluka. Ó mú ẹmu àgbọn wá, ó jókòó sórí ẹní, ó bú aṣòfin náà, ó sì bú bàbá tó bí i. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Seluka."

"Mò ń gbọ́."

"O rántí ọmọ púlákà tí bàbá rẹ máa ń ní, èyí tí igi rẹ̀ pupa yẹn?"

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ní kí n tọrọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ ni. Ọkọ Temalini, ọmọ mi, fi kọ̀ǹkéré mọ nǹkan kan sẹ́yìn ilé wọn, ó ga dé ibi báyìí, wọ́n rọ yẹ̀pẹ̀ sí i. A kàn fẹ́ wò ó bóyá á hù ni."

Seluka wò ó tìfura-tìfura. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń lọ yí ká kòtò òun bí ológbò tó gbóòórùn ẹja. Ó ronú pé ẹnì kan ti sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà fún un. Ó ronú pé Paueli wá wò bóyá púlákà kù nínú kòtò òun tàbí kò kù ni, kó lè lọ máa fi rẹ́rìn-ín.

"Púlákà nínú àpótí?" ló wí. "Paueli, ṣé òdòdó lo pè é ni?"

"Mo ní a kàn fẹ́ wò ó."

"Nǹkan ìdílé ni. Mi ò lè mú un jáde."

"Mẹ́ta péré, Seluka. Méjì náà á tó."

"Lọ tọrọ lọ́wọ́ aṣòfin yẹn. Òun ló mọ bí èèyàn ṣe ń gbé nǹkan bàbá ẹni fún ẹlòmíràn."

Paueli rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó dìde, ó gbàgbé ìgò ẹmu rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ púlákà mọ́kànlá ló wà láàyè nínú kòtò Seluka lọ́jọ́ náà.

Òjò kọ̀, kò rọ̀ láti oṣù karùn-ún lọ. Ní oṣù keje, ìjọba tuntun kéde ọ̀dá lórí rédíò pé ó ti di wàhálà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun òyìnbó já omi sí Funafuti, wọ́n fún wa ní garawa méjì lójúmọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan láti inú táńkì ṣọ́ọ̀ṣì. Seluka kò sọ ọ́ síta, àmọ́ ọ̀dá náà tù ú lára. Bí ewé púlákà gbogbo ìlú bá ń pọ́n, ta ló máa wo tirẹ̀? Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹnìkínní á ní, "Oòrùn yìí mà pọ̀ o," ẹnìkejì á ní, "Ó pọ̀ jù," kálukú á sì yára bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n wá sọ pé kí erékùṣù kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ wá fún àjọ̀dún òmìnira ní oṣù kẹwàá, olórí erékùṣù kò tilẹ̀ ronú rárá. Ó ní Seluka ni. Gómìnà Àgbà fúnra rẹ̀ á jókòó níbẹ̀, àlejò láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta á wà níbẹ̀. Seluka lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Kò sọ. Púlákà kan ló kù tó ní láárí nínú kòtò rẹ̀, ọdún méje ló ti ń tọ́jú rẹ̀. Ó wú u, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ti ń jẹrà, ó gé ibi tó jẹrà dànù, ó fi ewé àgbọn hun nǹkan yí ibẹ̀ ká kó má hàn. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀. Rédíò dárúkọ rẹ̀. Lilieta mú rédíò sún mọ́ ọn pé kó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ní ẹ̀fọ́rí ń ṣe òun, ó jáde lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún níbẹ̀. Àwọn ọmọ púlákà inú kòtò ti kú tán nígbà náà. Méjì tó yọ lára ìyá wọn kí wọ́n tó gbé e lọ, ó gbìn wọ́n sínú agolo bísíkíìtì sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

Ní oṣù kọkànlá, ọkọ̀ tuntun náà gbé ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá. Miliama ni wọ́n ń pè é, ọmọ erékùṣù Nukufetau ni, ó mọ ìwà hù: ó tẹ̀ ba kó tó kọjá níwájú àwọn àgbà, ó sì jẹ gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún un. Gbogbo ọkùnrin olórí ilé kóra jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé, kálukú nídìí òpó ìdílé rẹ̀, wọ́n ká ẹsẹ̀ jókòó. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni Miliama wí, "iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò pọ̀. Ìjọba ti rí kọ̀ǹkéré àti yẹ̀pẹ̀ gbà láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ mọ àpótí kọ̀ǹkéré ńlá fún púlákà, sókè, níbi tí omi iyọ̀ ò lè dé. Ibi tí iyọ̀ bá ti wọ kòtò ni wọ́n máa gbé e lọ. Mo kàn fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí iyọ̀ ti wọ kòtò rẹ̀ ni."

Ẹ wo ọmọ tó mọ̀wé! Ó bèèrè ohun tí ìyàwó ẹni kò gbọdọ̀ bèèrè, ó sì bèèrè rẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Nígbà tí kò sí ẹni tó fọhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òpó dé òpó.

"Tiwa dára."

"A dúpẹ́. Kò sí wàhálà."

"Òjò ló ń dúró dè."

"Tiwa?" Paueli na ọrùn. "Tiwa dára ju ti èṣí lọ."

Miliama wo ìwé rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Aago mẹ́ta lọkọ̀ máa lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní kò sí ìṣòro, mi ò lè kọ ìṣòro síbẹ̀."

Seluka tẹrí ba, nítorí pé òun ló kàn tẹ̀lé Paueli, kò sì fẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ojúgun Paueli ló wà níwájú rẹ̀ gan-an. Egbò wà níbẹ̀, ó yí ojúgun náà ká bí okùn, ó funfun létí, ó pupa láàárín. Seluka mọ egbò náà. Irú rẹ̀ wà ní ojúgun tirẹ̀ méjèèjì, ní ibi tí omi iyọ̀ máa ń dé láràárọ̀ tó bá dúró tó ń gbọ́n ọn. Apẹja kì í ní in. Ẹni tó ń tọ́jú kòtò omi dídùn kì í ní in.

Ó gbójú sí ọkùnrin tó wà lápá òsì rẹ̀. Ó ní in. Ó wo òdìkejì gbọ̀ngàn, ó wo ẹsẹ̀ olórí erékùṣù, tó fa aṣọ tó ró mọ́dìí bò ó, tí kò bò ó tán. Ojú rẹ̀ ń ti òpó kan lọ sí òmíràn, ojúgun lẹ́yìn ojúgun, gbogbo wọn jókòó pẹ̀lú iyì, wọ́n ń purọ́.

Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan péré pé kì í ṣe òun ló ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yìn náà ló wá rí ohun tó kù: aago mẹ́ta, ọkọ̀, ìwé òfìfo. Bí òun náà bá ní tòun dára, ó parí nìyẹn. Bí ó bá sì sọ òtítọ́, àwọn wọ̀nyí lè di ẹnu wọn mú ṣinṣin, kí òun nìkan di Seluka tí púlákà rẹ̀ kú, tó fi èyí tó jẹrà bọ́ Gómìnà Àgbà.

"Bàbá, tiyín ńkọ́?" Miliama bi í.

"Ó ti kú," ni Seluka wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"Mo ní ó ti kú. Gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ ló pa á. Èyí tí ẹ jẹ níbi òmìnira, mo gé ìdí rẹ̀ kúrò ni. Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Seluka."

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde, nídìí òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti wá.

"Láti ìgbà wo?" ni Paueli bi í.

"Oṣù kejì."

"Oṣù kejì." Paueli yíjú sí i wàyí. "Tèmi ti kú láti ọdún tó kọjá. Kò ku ẹyọ kan, mo ṣì ń gbọ́n omi rẹ̀ títí dòní. Mo wá bá ọ ní oṣù kẹrin, Seluka."

"O wá."

"Mo wá tọrọ mẹ́ta. Mo ní méjì náà á tó."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wọ́n ti ń kú lọ nígbà yẹn?"

"Mọ́kànlá ló kù," ni Seluka wí.

Paueli kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ó kàn yíjú sí Miliama, ó ní, "Kọ tèmi náà," ìgbà yẹn ni olórí erékùṣù wúkọ́, tó ní kó kọ tòun, ni ẹnu bá ń là káàkiri gbọ̀ngàn. Wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ẹni tí tirẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé ọkùnrin Niutao kò lè ṣe kó má díje. Nígbà tó di aago mẹ́ta, Miliama ti kọ kòtò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú mọ́kàndínlógójì, ó sì rán ẹnì kan lọ bẹ ọ̀gákọ̀ pé kó dúró díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Seluka wọ ilé ìdáná láti gbé agolo bísíkíìtì rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu bí àwọn ọmọ púlákà méjèèjì ṣe tutù yọ̀yọ̀.

"Ọwọ́ mi ṣì dára," ló wí.

"Ọwọ́ ta ni?" Lilieta ń ṣẹ́ igi, kò wẹ̀yìn. "Omi tí mo fi ń bọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, ta lẹ rò pé ó ń mu ún?"

"O mọ̀?"

"Bàbá Tavita, èmi ni mò ń fọ aṣọ tí ẹ ń ró. Iyọ̀ ti mú un gan paali láti oṣù kẹta."

"O ò sì sọ̀rọ̀."

"Nǹkan ọkùnrin ni, àbí? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bèèrè."

Ó gbé agolo náà, ó jáde. Ó já àwọn ewé tó nílò lọ́nà, ó dì wọ́n sábẹ́ apá bí ó ti máa ń ṣe kí ẹnikẹ́ni má rí wọn, ó sì gba ilé Temalini, ọmọ Paueli, lọ.

Paueli ti wà níbẹ̀, ó jókòó létí àpótí kọ̀ǹkéré tí wọn kò tíì gbin nǹkan sí náà. Wọn kò kí ara wọn púpọ̀. Seluka gbẹ́ ihò, ó fi ọmọ púlákà kìíní sí i. Nígbà tó fẹ́ tú ewé, Paueli dìde, ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjú sí òkun. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

"Yíjú padà," ni Seluka wí.

"Rárá o. Ṣe tìẹ tán."

"Paueli, yíjú padà. Ta ni mo tún ń pa á mọ́ fún? Tavita ọmọ mi wà ní Auckland lókè òkun, ó ń kun ilé."

Paueli yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Seluka fi ewé gbẹ̀rẹ̀fútù tó ti dúdú sí ìsàlẹ̀, ó to ewé igi puka lé e, ó wọ́n eérú èèpo àgbọn. Ó dúró níbẹ̀. Ewé kẹta ló kù, èyí tí bàbá rẹ̀ mú un búra lé lórí ibùsùn ikú, tí kò tíì já lójú ẹnikẹ́ni láyé rẹ̀.

Paueli bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú ìdì tó wà nílẹ̀, ó ṣa ewé kẹta náà láàárín àwọn tó kù, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ bó ṣe yẹ, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta ló kọ́ ọ?" Seluka bi í.

"Bàbá mi. Ó ní bí mo bá fi sọ fún ìdílé yín, òun á jáde nínú sàréè."

Seluka jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn. Ó rántí gbogbo ìgbà tó ti dúró de ìdájí kó tó lọ já ewé, gbogbo ìgbà tó lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò létí kòtò, àti mọ́kànlá tó wà láàyè ní oṣù kẹrin. Ó dùn ún débi pé kò lè gbójú sókè wo Paueli. Paueli dúró tì í, ó mú ọmọ púlákà kejì nínú agolo, ó bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí òun gbìn ín sí.